Pẹ́dà búréèkì tó ń rọ̀ lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́: ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti èsì ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà o. Ọjọ́ mẹ́ta ò lè kọjá kẹ́nì kan má pè mí pé "ẹ̀gbọ́n, búréèkì mi ń rọ̀ o". 504 píkọ́ọ̀pù tàbí Hilux àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wà, àwọn tó ń kó iṣu láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin, àwọn tó ń kó gààrí láti apá Ìgbájà, àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù kiri Tanke. Kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ti ra máàstà tuntun (ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì búréèkì lọ sídìí táyà), ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni máàstà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Pẹ́dà fúnra ẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi gbọ́ ọ.

"Pẹ́dà mi rọ̀." Ó rọ̀ báwo?

Ìbéèrè tèmi nìyí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bi yín. Ẹ jókòó sínú mọ́tò, kó wà lójú kan, ẹ tan ẹ́ńjìn, ẹ wá tẹ búréèkì.

Tó bá ń ta padà sí yín lẹ́sẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn ẹ̀ ò kún, atẹ́gùn ló wà nínú páìpù. Tó bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ jìnnà, àmọ́ tẹ́ ẹ tún un tẹ̀ kíákíá tó dúró lókè tó sì le gbagidi, tí kò ta padà bíi bọ́ọ̀lù rárá, láínìn ẹ̀yìn (ohun tó ń há mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù táyà kí mọ́tò lè dúró) ló ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ó fẹ́ kẹ́ ẹ sún un mọ́ra ni. Tó bá wá jẹ́ pé ó dúró dáadáa nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e tẹ́ ẹ ò gbé e kúrò ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, ọ́ìlì ń sá níbì kan nìyẹn, yálà ó ń jò síta tàbí ó ń gba inú máàstà padà sẹ́yìn.

Mẹ́ta yìí ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò àtijọ́ kì í fi àìsàn kan ṣoṣo mọ, ẹ lè bá méjì nínú ẹ̀ pa pọ̀ lára mọ́tò kan, kó má yà yín lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá pọ́ǹpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó ń mú dáadáa. Ṣé mo lè máa wà á lọ bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe é rí nígbà tí ọwọ́ ò ròkè, àmọ́ ọmọ tó bá já sí títì lójijì ní Gàá Àkànbí ò ní dúró kẹ́ ẹ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mejì.

Tiyín yìí, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Láínìn máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń jẹ ni àyè àárín òun àti dúrọ́ọ̀mù ń fẹ̀ sí i, ọ́ìlì tí ẹsẹ̀ kan ń tì tẹ́lẹ̀ á wá di ti ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n ti ṣe nǹkan kékeré kan síbẹ̀ tó yẹ kó máa sún láínìn mọ́ra fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lára ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá fa hándì búréèkì ni nǹkan yẹn tó ń ṣiṣẹ́. Ta ló wá ń fa hándì búréèkì nínú wa? Ẹ lọ sí Ọ̀fà Gáréèjì ẹ lọ wò ó, òkúta ló wà lẹ́yìn táyà. Wáyà hándì búréèkì ti dógùn-ún ó ti gan, irin kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù náà ti gan, ọdún dé ọdún lọ láínìn ò sún, a wá ń pariwo pé máàstà ti bàjẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sún un rèé. Ẹ dí táyà iwájú méjèèjì, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ẹ fi nǹkan tó lágbára gbé ààsù ẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, dúró (jáàkì nìkan ò tó o, mo bẹ̀ yín). Lẹ́yìn irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, ẹ máa rí rọ́bà pélébé kan tó dí ihò, ẹ yọ ọ́, ẹ ki sikirudíráífà bọ̀ ọ́, ẹ máa kan kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan nínú ibẹ̀, ẹ máa yí i ní eyín kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ ò fi ní lè yí táyà mọ́. Kẹ́ ẹ wá dá a padà díẹ̀, kí táyà máa yí, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ìró ṣíì, ṣíì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe tọ̀tún lẹ máa ṣe tòsì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ tún wáyà hándì búréèkì yẹn ṣe, àbí oṣù mélòó kan sí i ẹ máa tún pè mí.

Ibi tó dí pa, báwo ni atẹ́gùn ṣe ń wọ ibẹ̀?

Ẹ mú sírínjì, ẹ fa omi kún un, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Kò ní lọ. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹ tún un tẹ̀, á lọ, á sì ta padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù búréèkì yín gẹ́lẹ́ nìyẹn, ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, atẹ́gùn ṣeé fún, ẹsẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fi dá mọ́tò dúró, atẹ́gùn lẹ fi ń fún.

Ó ń wọlé tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ jù nínú táǹkì kékeré orí máàstà, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gun òkè. Ó ń wọlé tí wọ́n bá tú páìpù tàbí họ́ọ̀sì kankan tí wọn ò fa atẹ́gùn jáde lẹ́yìn ẹ̀. Èyí táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé rọ́bà sílíńdà ẹ̀yìn (èyí tó ń ti láínìn nínú dúrọ́ọ̀mù) tó ti gbó lè máà jẹ́ kí ọ́ìlì púpọ̀ jáde tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò á fa atẹ́gùn sínú. Ẹ máa fa atẹ́gùn jáde lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti padà dé.

Báwo wá lẹ ṣe ń fa atẹ́gùn jáde? Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, ọmọ yín tàbí ọmọ iṣẹ́ wà lórí pẹ́dà, kó sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn o, torí ọmọ tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà tí nípù (ẹnu kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde lẹ́yìn táyà) ṣì wà ní ṣíṣí ti fa atẹ́gùn míì wọlé fún yín. Ẹ pa ẹ́ńjìn.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara nípù, ẹ kán ọ́ìlì tó ń tú ìdógùn-ún sí i, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Sípánà tó yí orí ẹ̀ ká lẹ máa lò, ẹ má lo èyí tó lanu tó máa ń bó o lórí. Nípù tó bá kán sínú sílíńdà, ọjọ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ ra rọ́bà dírípù ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, ó máa ń ṣe wẹ́kú lórí nípù, ẹ sì máa rí inú ẹ̀ kedere. Ẹ ki ẹnu kan bọ nípù, ẹ ki ẹnu kejì sínú ìgò tẹ́ ẹ ti da ọ́ìlì búréèkì díẹ̀ sí, kí ẹnu ẹ̀ rì. Ẹ wá pariwo pé "tẹ̀ ẹ́ mú!" Ọmọ náà á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á mú un síbẹ̀. Ẹ tú nípù díẹ̀ báyìí, pẹ́dà á lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ọ́ìlì á sáré wọ inú rọ́bà, ẹ máa rí atẹ́gùn nínú ẹ̀ bí ìfófò ọṣẹ wínníwínní, nígbà míì á tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ dí nípù ná kẹ́ ẹ tó ní "gbé e!" Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì á fi máa jáde láìsí ìlẹ̀kẹ̀ kankan nínú ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin márùn-ún, ẹ dìde lọ wo táǹkì orí máàstà kẹ́ ẹ bù sí i, torí tó bá gbẹ, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ́ìlì tó jáde sínú ìgò yẹn, ẹ má dá a padà o, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dà kí ọmọ náà má tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé lójoojúmọ́, rọ́bà inú máàstà kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìsàlẹ̀ yẹn ti dógùn-ún, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ débẹ̀ ìpẹtà yẹn á ya rọ́bà. Èèyàn á fa atẹ́gùn láàárọ̀, máàstà á kú nírọ̀lẹ́, á wá máa rò pé ayé ń ṣe òun.

Ibi tó jìnnà jù sí máàstà lẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, ká tó wá ṣe iwájú òsì. Ìyẹn jẹ́ fún mọ́tò tí stíàrìn ẹ̀ wà lápá òsì bíi tiwa, láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún títì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí stíàrìn ẹ̀ wà lọ́tùn-ún tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kàn yí padà ni tiyín, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí máàstà wà.

A ti fa atẹ́gùn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìgò ọ́ìlì mẹ́ta ló ti lọ, ó ṣì rọ̀. Kí ló kù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Lọ́dún kan, mo gbé píkọ́ọ̀pù mi fún mẹkáníìkì kan pé kó bá mi pààrọ̀ rọ́bà kálípà iwájú méjèèjì (kálípà ló ń fi páàdì fún dísìkì táyà mú). Ó tú u, ó dè é, ó fa atẹ́gùn, pẹ́dà rọ̀. Ó tún un fà. Ó rọ̀. Ó ní máàstà ni, mo ra máàstà, ó rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wà á bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan tí mo gbé iṣu kún ẹ̀yìn ẹ̀ láti Òmù-Àrán, mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, mo tẹ búréèkì, ilẹ̀ lẹsẹ̀ mi bá. Jíà kejì ló gbà mí. Nígbà tí mo padà dé Ìlọrin, bàbá kan tó ń ta sípéà páàtì kàn bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni nípù ẹ̀ kọjú sí?" Ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Atẹ́gùn sì rèé, òkè ló máa ń lọ, kò sí bó ṣe máa gba ìsàlẹ̀ jáde, kódà kẹ́ ẹ fa ọ́ìlì dúrọ́ọ̀mù kan tán. A yí wọn padà, a fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ́dà le bíi pákó.

Torí náà ibi tí nípù kọjú sí lẹ máa kọ́kọ́ wò. Òkè ni o.

Èkejì, àwọn Hilux kan ní nǹkan kan lókè ààsù ẹ̀yìn tí irin gígùn kan so mọ́, òun ló ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó kó tó fún ẹ̀yìn ní búréèkì tó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi jáàkì gbé mọ́tò tí ààsù wá ń fì wálẹ̀, á rò pé mọ́tò ṣófo, á dín ọ́ìlì tó ń lọ sẹ́yìn kù, atẹ́gùn ò ní jáde tán. Ẹ jẹ́ kí táyà tẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa ẹ̀yìn. Òun náà sábà máa ń ní nípù tiẹ̀, ẹ fa ìyẹn náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún lọ fi ewé sípíríǹgì kún sípíríǹgì kó lè gbé ẹrù sí i, tí ẹ̀yìn mọ́tò wá ga sókè fíofío, ẹ ti tan nǹkan yẹn jẹ nìyẹn, ẹ gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan ó ń rò pé òfìfo lẹ gbé. Kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá yín tún irin ẹ̀ sún.

Ẹ̀kẹta, máàstà tuntun tí wọ́n gbé sí i láì kọ́kọ́ fi ọ́ìlì kún inú ẹ̀ lórí tábìlì. Atẹ́gùn máa ń há sínú ẹ̀, ó sì máa ń ṣòro láti gba ẹsẹ̀ táyà jáde.

Tí gbogbo ìyẹn bá ti dáa, ẹ wá ibi tó ti ń rọ̀ pẹ̀lú pílíà tó ń dì mọ́ra. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu ẹ̀ kó má gé rọ́bà, ẹ fún họ́ọ̀sì rọ́bà kan pa, ẹ lọ tẹ pẹ́dà. Kò le? Ẹ tú u, ẹ bọ́ sí èkejì. Họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá fún pa tí pẹ́dà fi le lójijì, ẹ̀yìn ibẹ̀ tàbí họ́ọ̀sì yẹn fúnra ẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá fún gbogbo ẹ̀ pa tó ṣì rọ̀, ẹ lè wá fojú sí máàstà báyìí. Họ́ọ̀sì tó bá ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára, ẹ má wulẹ̀ fún un, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ lè di họ́ọ̀sì náà mú kí ẹlòmíì tẹ búréèkì, tó bá wú lọ́wọ́ yín bíi ti ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì, òun ni.

Ẹ tún mi táyà iwájú lókè àti nísàlẹ̀. Bérìn tó ti mì máa ń jẹ́ kí dísìkì fì, á ti páàdì padà sẹ́yìn, pẹ́dà á lọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kọ́nà.

Ọ́ìlì ń dínkù lójoojúmọ́, ilẹ̀ gbẹ, mi ò rí ibi tó ń jò.

Ẹ wo inú táyà ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tó kọ sí abẹ́ mọ́tò. Tí erùpẹ̀ ibẹ̀ bá ti rin tó lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà tó ti sùn, sílíńdà ẹ̀yìn ti ń jò sínú dúrọ́ọ̀mù. Láínìn tí ọ́ìlì bá ti rin, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ ẹ má sì fi iná yan án, ẹ jù ú nù.

Tí gbogbo táyà bá gbẹ, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de máàstà mọ́ búsítà (ẹ̀rọ ẹ̀yìn máàstà tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́), ẹ fà á síwájú díẹ̀, ẹ fi ìka kan ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá rin, inú búsítà ló ń dà sí. Lára 504 tó ń mu pẹtiróòlù, ẹ́ńjìn á máa fa ọ́ìlì yẹn mu, ẹ máa rí èéfín funfun nídìí sàléńsà tẹ́ ẹ máa rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó.

Ọ́ìlì búréèkì máa ń bó ọ̀dà mọ́tò o. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀dà abẹ́ máàstà ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ó ti ń jò níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Tí mo bá wà nínú gósìlóò ní Post Office tí mo fi ẹsẹ̀ lé búréèkì, ó máa ń rì lọ díẹ̀díẹ̀. Kò jò níbì kankan.

Ó dáa, tiyín ni máàstà. Rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ, ọ́ìlì tẹ́ ẹ ń tì síwájú ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ padà sẹ́yìn. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára ó máa dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bíi tinú gósìlóò ni ẹ máa mọ̀. Ìyẹn ni mẹkáníìkì á fi tẹ̀ ẹ́ gbàgà lẹ́ẹ̀kan tó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ṣé kí n ra kíìtì rọ́bà, àbí odindi máàstà? Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ẹ tú u ná. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu inú ẹ̀, ẹ fi èékánná fà á gba inú ẹ̀ kọjá. Tí èékánná bá ń yọ̀ lọ geere, kíìtì rọ́bà tó. Tó bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́ níbì kan, ihò ìpẹtà ti wà níbẹ̀, rọ́bà tuntun tẹ́ ẹ bá kó sínú ẹ̀ ò ní pẹ́ ya.

Tòkunbọ̀, èmi ò rà á fún máàstà. Mo ń ra ẹ́ńjìn tòkunbọ̀, mo ń ra jíà bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, àmọ́ máàstà tó ti gbẹ nínú kọ̀ǹténà fún oṣù mélòó kan, rọ́bà ẹ̀ ti gan, kò sẹ́ni tó lè fojú wo ìta ẹ̀ kó mọ inú. Ẹ ra tuntun, kẹ́ ẹ sì mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, torí àwọn Hilux ò jọra, ti ọdún kan lè fẹ̀ ju ti ọdún kejì, nọ́ọ̀tì á wọlé síbẹ̀ pẹ́dà á gùn tàbí á le jù.

Ọ́ìlì wo ni kí n lò? Wọ́n ní omi ọṣẹ náà ń ṣiṣẹ́ tí ò bá sówó.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ka orí ìdérí táǹkì máàstà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ní tàwọn píkọ́ọ̀pù yìí, DOT 3 tàbí DOT 4 ni (DOT yìí ni wọ́n fi ń pe irú ọ́ìlì búréèkì, ẹ máa rí i lára ìgò). DOT 3 tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, DOT 4 tuntun 230°C. Àmọ́ ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe máa ń rin nígbà òjò. Tó bá ti mu omi díẹ̀ báyìí, ibi tó ti ń hó lè já wálẹ̀ sí 140°C fún DOT 3, 155°C fún DOT 4. Omi ọṣẹ tẹ́ ẹ ń wí yẹn á ti hó ní nǹkan bí 100°C, á tún jẹ́ kí inú páìpù dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìgò tó ti wà ní ṣíṣí nínú búùtù láti ọdún tó kọjá ò fi dáa, ra kékeré, lò ó tán. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì ẹ̀ ní ọdún méjì méjì. DOT 5, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, irú ọ̀tọ̀ ni, kò gbọdọ̀ pò mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ọ́ìlì ẹ́ńjìn, tàbí ọ́ìlì stíàrìn. Rọ́bà búréèkì tó bá kàn án á wú bí ẹ̀wà tá a rẹ. Tẹ́ ẹ bá fura pé ẹnì kan ti da á sí i, ẹ ṣí ìdérí táǹkì wo rọ́bà abẹ́ ẹ̀, tó bá ti wú tó fẹ̀ tí kò wọlé mọ́, ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ tún lè kán ọ́ìlì inú táǹkì náà sínú ife omi, ọ́ìlì búréèkì á pò mọ́ omi, àmọ́ tó bá léfòó tó ń dán yinrinyinrin bí orí ọbẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìn ló wà níbẹ̀. Kò sí fífọ̀ níbẹ̀ o, gbogbo rọ́bà láti máàstà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa pààrọ̀, àti họ́ọ̀sì. Owó gidi ni, mo káàánú yín.

Nínú ìlú ó dáa. Tí mo bá gbé ẹrù tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló máa ń rọ̀, tó bá sinmi díẹ̀ ó padà le.

Ọ́ìlì yín ló ń hó. Ẹrù wà lẹ́yìn, ẹ tẹ búréèkì títí láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, dísìkì gbóná, kálípà gbóná, omi tó wà nínú ọ́ìlì àtijọ́ yẹn di ooru, ooru sì rèé, ó ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn ni. Tó bá tutù á padà di omi, pẹ́dà á le, ẹ máa rò pé ó ti san. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ ẹsẹ̀ yín: jíà tẹ́ ẹ fi ń gun òkè yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́. Àwọn tó ń wà á ní ọ̀nà Òmù-Àrán sí Ọ̀sí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ́ńjìn náà búréèkì ni. Àwọn tó máa ń gbé e sí fírì kí epo lè ṣẹ́kù, epo kọ́bọ̀ lẹ ń tọ́jú.

Tó bá jẹ́ pé pẹ́dà le koko àmọ́ mọ́tò ò dúró, tó ń rùn bí ìgbà tí nǹkan jó, ìyẹn yàtọ̀. Láínìn àti páàdì ló gbóná jù, ẹ dúró kó tutù.

Páìpù irin ẹ̀yìn ti jẹ, mẹkáníìkì ní òun fẹ́ fi rọ́bà epo àti kílíìpù so ó.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ ẹ̀. Atẹ́gùn inú táyà yín ò ju nǹkan bí 35 sí 50 PSI lọ, tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì gidi, agbára inú páìpù yẹn lè kọjá 1,000 lórí ìwọ̀n kan náà. Kílíìpù wo ló máa di ìyẹn mú? Páìpù búréèkì tuntun ni.

Ṣé kì í ṣe búsítà?

Búsítà tó bàjẹ́ máa ń jẹ́ kí pẹ́dà le ni, kì í jẹ́ kó rọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìn, ẹ pọ́ǹpù títí á fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ lé e, ẹ tan ẹ́ńjìn. Tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ tó dúró, búsítà ń ṣiṣẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì, ó wá rọ̀ díẹ̀.

Tó bá jẹ́ páàdì nìkan lẹ pààrọ̀, tẹ́ ẹ ò tú páìpù, ẹ rọra wà á fún ọjọ́ mélòó kan kí páàdì àti dísìkì mọ ara wọn. Tí ò bá yí padà, ẹ padà lọ ka àwọn èsì tó wà lókè.

Tó bá wá já lójú ọ̀nà ńkọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́?

Ẹ pọ́ǹpù ẹ̀ kíákíá, léraléra, nígbà míì ó máa ń rí díẹ̀ mú. Ẹ máa já jíà wálẹ̀, láti kẹrin sí kẹta, kẹta sí kejì, ẹ má fò sí àkọ́kọ́ lójijì. Ẹ fa hándì búréèkì díẹ̀díẹ̀ (èyí tẹ́ ẹ kọ̀ láti tún ṣe yẹn). Ẹ tẹ họ́ọ̀nù, ẹ tan iná. Ẹ má pa ẹ́ńjìn, ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́, stíàrìn lè lọ́ọ̀kì mọ́ yín lọ́wọ́. Òkìtì iyanrìn, oko ẹ̀gẹ́, igbó tó rọ̀, ẹ darí ẹ̀ síbẹ̀ kó tó di pé tírélà tàbí ọjà ló wà níwájú. Ẹrù á dà nù, kò sí wàhálà.

Ọkọ mi ló ni píkọ́ọ̀pù, dẹ́rẹ́bà ló ń wà á, èmi ni mo ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mi ò mọ nǹkan kan nínú mọ́tò, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé gbogbo páàtì tó bá yọ, ẹ fẹ́ rí i, nínú láílọ́ọ̀nù, kó má jù ú nù. Tó bá sọ pé máàstà ni, ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀, tí ò bá lè sọ fún yín ju "mà, ẹ fi sílẹ̀ fún mi", ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀.

Tó bá ti parí, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wọ inú mọ́tò, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà, torí òun ti mọ̀ ọ́n pọ́ǹpù. Ẹ ní kó tan ẹ́ńjìn, kó wà lójú kan, ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, lọ dé ọgọ́ta. Tó bá dúró sókè kò sún, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó rin. Tó bá rì kẹ́ ẹ tó ka ọgọ́ta, ẹ pa ẹ́ńjìn, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ ní kọ́mọ iṣẹ́ bá yín ra omi tútù wá.